Ohun tí Òṣùwọ̀n Kò Sọ: Ìwọ̀n Ara àti Fífọ Ẹ̀jẹ̀ Àwọn Aláìsàn Kíndìnrín

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn Yorùbá Sabon Gari, Kano



Ní ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, abẹ́rẹ́ kọ́ ni aláìsàn kọ́kọ́ ń bá pàdé. Òṣùwọ̀n ni. Nọ́ọ̀sì á ní kó bọ́ bàtà, kó yọ fóònù àti kọ́kọ́rọ́ kúrò lápò, kó gun orí òṣùwọ̀n, kó dúró jẹ́ẹ́. Wọn á kọ iye kílò rẹ̀ sínú fáìlì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀rọ bá parí iṣẹ́, wọn á tún wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ka èyí sí ètò lásán, bí ìgbà tí èèyàn ń gba káàdì. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Kílò yẹn ló ń sọ iye omi tí ẹ̀rọ máa fà jáde, òun ló ń tọ́ka sí iye wákàtí tó yẹ kí aláìsàn lò, òun náà ló sì lè tan aláìsàn àti dókítà rẹ̀ jẹ bí wọn kò bá yẹ inú rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ. Omi, ẹran ara, ọ̀rá àti egungun ni òṣùwọ̀n ń kà pọ̀ gẹ́gẹ́ bí iye kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kò lè mọ̀ bóyá fífọ ẹ̀jẹ̀ ń ran aláìsàn lọ́wọ́ tàbí owó lásán ló ń bá a lọ.

Ìdí tó fi kan Sabon Gari

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kano ní nǹkan bí ọdún 1912, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ya Sabon Gari sọ́tọ̀ fún àwọn tó wá láti gúúsù, ni àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti ìlú Yorùbá mìíràn ti ń ṣòwò níbẹ̀. Ìjókòó ló pọ̀ nínú iṣẹ́ ọjà: láti àárọ̀ di alẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, oúnjẹ oníyọ̀ láti ọwọ́ olóúnjẹ, oògùn ara ríro lálaalẹ́, kò sì sáyè láti lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àti àìsàn tó ń ba àwọn asẹ́ kéékèèké inú kíndìnrín jẹ́, ni mẹ́ta tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù lọ ní Nàìjíríà. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé, tó fìgbà kan jẹ́ gíwá Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ láti kìlọ̀ fún orílẹ̀-èdè yìí nípa ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àbùdá tún wà níbẹ̀. Ní 2010, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí i pé oríṣi àbùdá APOL1 kan máa ń mú kí kíndìnrín tètè bàjẹ́, wọ́n sì rí i pé ó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn Yorùbá. Kì í ṣe dandan kí ẹni tó bá ní in lára ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó yẹ kó máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ju ẹlòmíràn lọ.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ gbà ṣe

Kíndìnrín méjèèjì tó wà lára ẹni tó lera ń sẹ́ nǹkan bí 180 lítà omi láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́. Wọ́n ń dá èyí tó pọ̀ jù padà sínú ara, wọ́n sì ń fi lítà kan tàbí méjì ránṣẹ́ síta bí ìtọ̀. Wọn kì í sinmi. Gbogbo wákàtí 168 inú ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí aláìsàn bá lọ síbi ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó ń lo wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, wákàtí 12 péré ni ẹ̀rọ rí láti fi ṣe iṣẹ́ wákàtí 168.

Dókítà ará Netherlands kan, Willem Kolff, ló kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ yìí tó ṣeé lò fún èèyàn, ní ìlú Kampen ní 1943, nígbà tí ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́. Ike tí wọ́n fi ń ṣe sọ́séèjì ló wé mọ́ àgbá tó ń yí nínú omi. Ọ̀pọ̀ aláìsàn àkọ́kọ́ rẹ̀ kú. Obìnrin ẹni ọdún 67 kan ló kọ́kọ́ yè é, ní 1945. Nígbà tó di 1960, Belding Scribner ní Seattle, Amẹ́ríkà, rí ọ̀nà tí wọ́n fi lè máa so aláìsàn mọ́ ẹ̀rọ léraléra, bẹ́ẹ̀ ni fífọ ẹ̀jẹ̀ ṣe di ohun tí èèyàn lè fi gbé ayé fún ọdún púpọ̀. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Èkó, LUTH, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1981. Aminu Kano Teaching Hospital, tó wà lójú ọ̀nà Zaria níbí, tilẹ̀ ti pààrọ̀ kíndìnrín fún aláìsàn láti 2002.

Ìṣirò tó gbé ìwọ̀n ara dání

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ mọ́ dáadáa? Ní 1985, Frank Gotch àti John Sargent ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde tí gbogbo ayé ń lò títí di òní. Lẹ́tà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: K, t àti V. K ni iye ẹ̀jẹ̀ tí asẹ́ ẹ̀rọ lè fọ mọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Àkókò ni t. V ni gbogbo omi tó wà nínú ara aláìsàn, nítorí inú omi yẹn ni yúríà, ìdọ̀tí tí ẹran àti ẹ̀wà tí èèyàn jẹ ń fi sílẹ̀, ti fọ́n ká. Wọn á sọ K di púpọ̀ lọ́nà t, wọn á sì fi V pín in. Fún ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, èsì náà kò gbọdọ̀ dín ní 1.2, 1.4 ni wọ́n máa ń lé.

Ká ní asẹ́ kan ń fọ mílílítà 200 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn jẹ́ lítà 12 ní wákàtí kan, àti lítà 48 ní wákàtí mẹ́rin. Obìnrin kan tó wọn kílò 55 jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí. Omi ara rẹ̀ tó nǹkan bí lítà 30. Wákàtí mẹ́rin fún un ní 1.6, ó sì ti kọjá ibi tí wọ́n ń lé. Ọkùnrin kan tó wọn kílò 95 jókòó sídìí ẹ̀rọ kejì. Omi tirẹ̀ tó nǹkan bí lítà 50. Asẹ́ kan náà, nọ́ọ̀sì kan náà, wákàtí mẹ́rin kan náà, 0.96 ni tirẹ̀. Kò dé ibi tó kéré jù pàápàá. Ó nílò wákàtí márùn-ún kó tó dé 1.2, tàbí kí wọ́n fún un ní asẹ́ tó tóbi jù, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa yára kọjá nínú ẹ̀rọ.

Àwọn alaró tó wà ní Kofar Mata níbí kò ní fi àkókò tí wọ́n fi ń rẹ gèlè rẹ agbádá, kí wọ́n wá máa retí pé kí aró mú bákan náà. Síbẹ̀ wákàtí mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ fún tẹ́ẹ́rẹ́ àti fún gbọ̀ngbọ̀nràn ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀, nítorí èrò pọ̀, ẹ̀rọ kò sì tó nǹkan.

Kílò nìkan kò sì tó láti mọ V. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹran ara jẹ́ omi; ti ọ̀rá kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Alábàárù tó ń ru àpò ìrẹsì nínú ọjà Sabon Gari àti oníṣòwò tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lè jọ wọn kílò 90, kí omi ara alábàárù sì pọ̀ ju ti oníṣòwò lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò tí Watson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1980, tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò, fi ń béèrè gíga, ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kó tó sọ iye omi tó wà lára. Ilé ìwòsàn tí kò wọn gíga aláìsàn, àbá lásán ló ń dá.

Kí ẹni tó kéré má ṣe yọ̀ jù

Ẹnìkan lè wí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí obìnrin oníkílò 55 yẹn lo wákàtí mẹ́ta, kó sì máa lọ sọ́jà; ṣebí 1.2 náà ni èsì rẹ̀ máa jẹ́. Ìwé ìṣirò gbà fún un. Ara kò gbà.

Ìwádìí ńlá kan wáyé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n pè ní HEMO, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Aláìsàn 1,846 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n fún àwọn kan ní ìwọ̀n fífọ tó wọ́pọ̀, wọ́n fún àwọn yòókù ní èyí tó ga jù ú lọ. Ní àpapọ̀, èyí tó ga kò mú kí ẹ̀mí àwọn aláìsàn gùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya obìnrin sọ́tọ̀, ó dà bíi pé àwọn tó gba púpọ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tó gba díẹ̀ lọ. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ ni pé ẹ̀dọ̀, ìfun àti àwọn ẹ̀yà ara mìíràn tó ń pèsè ìdọ̀tí kì í kéré tó bí ara ṣe kéré. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ìdọ̀tí kan wà tí wọn kì í yára jáde bíi yúríà. Àkókò gígùn nìkan ló ń fà wọ́n jáde. Nítorí náà, èsì ìṣirò tó dára kì í ṣe ìwé ìyọ̀ǹda fún obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ láti sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ ṣáájú àkókò.

Omi: kílò tó ń wọlé láàárín ọjọ́ méjì

Omi ni apá ìwọ̀n ara tó ń yí padà kíákíá. Kíndìnrín tó ti kú kò lè tọ omi dànù mọ́, nítorí náà ohun tí aláìsàn bá mu yóò dúró sínú ẹsẹ̀, ikùn, ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi fà á jáde. Ìwọ̀n tí ara wà nígbà tí omi àpọ̀jù ti tán, tí ẹsẹ̀ kò wú, tí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, tí òòyì kò sì kọ́ aláìsàn, ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní dry weight. Ìwọ̀n gbígbẹ ni ká pè é níbí.

Lítà omi kan jẹ́ kílò kan. Píọ̀ wọ́tà kan tí wọ́n ń tà ní Sabon Gari jẹ́ ìdajì lítà. Aláìsàn tó bá fi kílò mẹ́ta wúwo ju bó ṣe kúrò lórí ẹ̀rọ lọ ti kó píọ̀ wọ́tà mẹ́fà sára nìyẹn, ì báà ti inú kùnú wọlé, tàbí fùrá, ọbẹ̀, ẹ̀kọ mímu tàbí bàrà olómi. Nígbà ooru Kano, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, tí oòrùn ń mú dé nǹkan bí ogójì lórí ìwọ̀n Celsius, kò rọrùn láti sọ fún èèyàn pé kó má mu omi.

Iyọ̀ ni ọ̀gá òǹgbẹ. Nǹkan bíi gíráàmù mẹ́jọ iyọ̀ ń di lítà omi kan mú nínú ara. Bí iyọ̀ bá ti wọlé, òǹgbẹ á fi dandan gbẹ aláìsàn títí á fi mu lítà náà. Iyọ̀ wà nínú kúbù ìsebẹ̀, nínú ẹja gbígbẹ, nínú búrẹ́dì àti nínú ìndómì. Ó wà nínú káún pẹ̀lú, tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, tí àwọn Hausa sì ń fi sínú kùnú fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹni tó dín iyọ̀ kù kò ní bá omi jà púpọ̀.

Ibi tí omi ti ń bá ìṣirò àkọ́kọ́ wọ̀jà nìyí. Ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ sáré fa omi. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011 fi hàn pé àwọn tí wọ́n ń fa ju mílílítà 13 lọ lára wọn ní wákàtí kan, fún kílò kọ̀ọ̀kan tí wọ́n wọ̀n, ń kú ju àwọn yòókù lọ. Fún ẹni kílò 60, ìyẹn jẹ́ mílílítà 780 ní wákàtí kan, lítà mẹ́ta àti díẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin. Fún ẹni kílò 45, kò ju lítà 2.3 lọ, píọ̀ wọ́tà mẹ́fà ti pọ̀ jù fún un. Bí ẹni kílò 60 bá gbé lítà márùn-ún wá, tí wọ́n sì fẹ́ fà á tán ní wákàtí mẹ́rin, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á já wálẹ̀, pajápajá á mú un lẹ́sẹ̀, èébì á gbé e. Wọn á dá ẹ̀rọ dúró. Omi kò tán, yúríà náà kò tán, owó sì ti lọ.

Ní ìlú Tassin ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún fọ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn fún wákàtí mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wọ́n sì dín iyọ̀ oúnjẹ wọn kù. Omi ń jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn aláìsàn náà kò nílò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Apá wa kò lè ká wákàtí mẹ́jọ ní Kano báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ yé èèyàn: àkókò ni oògùn náà gan-an.

Sísanra tó ń gbà là, àti sísanra tó ń tan ni jẹ

Láàárín àwọn tí kíndìnrín wọn dá ṣáṣá, sísanra jù máa ń gé ẹ̀mí kúrú. Láàárín àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní 1999, Fleischmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mississippi tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 1,346, tí àwọn aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn: àwọn tó sanra pẹ́ láyé ju àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Kamyar Kalantar-Zadeh ní California náà kọ ọ̀pọ̀ ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èsì yìí ya àwọn èèyàn lẹ́nu, nítorí ìṣirò V ti sọ pé àwọn tó tóbi ni ẹ̀rọ kì í sábà fọ tó.

Ìdí rẹ̀ kì í ṣe pé ọ̀rá jẹ́ oògùn. Àìsàn kíndìnrín ń jẹ ẹran ara. Ó ń pa oúnjẹ lẹ́nu aláìsàn. Ẹni tó ní ohun ìpamọ́ lára lè fara dà á fún ọdún bíi mélòó kan. Ẹni tó ti gbẹ kò ní nǹkan tó máa fi dúró bí ibà tàbí àkóràn bá dé. Kí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì dára má sì ṣe gbọ́ èyí kó wá máa jẹun àjẹjù: sísanra ń bí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì lè mú kí ilé ìwòsàn kọ̀ láti pààrọ̀ kíndìnrín fún aláìsàn.

Ìtànjẹ tó burú jù nìyí. Ká ní ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ fífọ ẹ̀jẹ̀ ní kílò 68. Oṣù mẹ́ta kọjá, kò lè jẹun, kílò mẹ́rin ẹran ara ti lọ. Òṣùwọ̀n ṣì ń kà 68. Àwọn ará ilé ní ara rẹ̀ kò jò. Kílò mẹ́rin omi ló ti gba ipò ẹran tó lọ: ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀ ti di 64, ṣùgbọ́n 68 ni wọ́n ṣì kọ sínú fáìlì, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ń dúró. Kò lè dùbúlẹ̀ gbalaja lálẹ́ mọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, wọ́n sì ń fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ẹni tí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lẹ́nu rẹ̀ á kún ní ẹran ara. Bí wọn kò bá yí nọ́ńbà inú fáìlì padà, omi tí ara rẹ̀ nílò ni ẹ̀rọ á máa fà, pajápajá á sì máa mú un ní gbogbo ìgbà. Ìwọ̀n gbígbẹ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ. Ó yẹ kí dókítà máa tún un yẹ̀ wò lóòrèkóòrè.

Oúnjẹ ń dá kún un. Kí aláìsàn tó bẹ̀rẹ̀ fífọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n sábà máa ń ní kó dín ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà kù. Lọ́jọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀, òfin yí padà: gíráàmù kan sí 1.2 purotéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n ń gbani nímọ̀ràn. Fún ẹni kílò 60, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 60 sí 72, nígbà tí ẹyin kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà lọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò gbọ́ òfin kejì; ẹ̀kọ àti omi ọbẹ̀ ni wọ́n ṣì ń fún aláìsàn, wọ́n rò pé àánú ni.

Owó ló ń gé wákàtí kúrú

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinubu fọwọ́ sí i pé kí owó fífọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. Mẹ́wàá ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, lára wọn ni UCH Ìbàdàn, LUTH, ti Ẹ̀búté Mẹ́ta àti ti Abẹ́òkúta. Nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, Azare ní Ìpínlẹ̀ Bauchi ló sún mọ́ Kano jù.

Ìṣirò owó náà rọrùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ní ₦50,000 jẹ́ ₦600,000 ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, láìka oògùn àti ọkọ̀. Ní ₦12,000, ó di ₦144,000. Nítorí owó yìí ni púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn Nàìjíríà fi ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tàbí lẹ́ẹ̀kan, tàbí ìgbà tí èémí bá fẹ́ bọ́. 1.2 tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ń sọ, ti ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta ni. Ẹ̀ẹ̀mejì lè tó fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ṣì ń tọ̀ dáadáa; ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣì ń tọ̀ kò fi gbọdọ̀ fi oògùn ara ríro bíi ibuprofen tàbí diclofenac ba ìyókù agbára kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Ẹni ńlá tí kò tọ̀ mọ́, tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò sí ìṣirò kankan tó lè gbè é.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe

Kí aláìsàn ní ìwé kékeré tirẹ̀, kó kọ ìwọ̀n rẹ̀ kí ó tó gun ẹ̀rọ àti lẹ́yìn tó sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n gbígbẹ rẹ̀ àti iye wákàtí tó lò ní ti gidi. Aṣọ kan náà ni kó máa wọ̀ lọ. Nígbà ọyẹ́, kóòtù tó nípọn lè fi kún ìwọ̀n rẹ̀, ẹ̀rọ á sì fa omi dípò kóòtù. Kó máa wọn ara rẹ̀ nílé láràárọ̀, kó tó jẹun.

Kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n wọn yúríà rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí yúríà bá jẹ́ 30 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tó sì di 10 nígbà tí wọ́n parí, ó ti dín kù ní ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún. 65 ni èyí tó kéré jù tí wọ́n ń fẹ́. Bí kò bá dé ibẹ̀, kí wọ́n wo wákàtí, asẹ́ àti ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Sabon Gari, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, máa ń dáwó fún aláìsàn, ó sì dára. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n sábà máa ń dá a, fún ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ jẹ́ kí owó náà di ti oṣooṣù, kí ẹ sì fi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ṣúgà àwọn tí kò tíì ṣàìsàn lọ́jọ́ ìpàdé yín. Kí Ìjọba Àpapọ̀ fi Aminu Kano Teaching Hospital kún àwọn ilé ìwòsàn tí ẹ̀dínwó náà wà, bí kò bá tíì sí níbẹ̀. Ẹni tó bá sì ní aláìsàn nílé, kó ra òṣùwọ̀n kan àti ìwé kan lọ́sẹ̀ yìí, kó sì gbé ìwé náà fún nọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n bá tún lọ síbi ẹ̀rọ.